Márùn-ún Ni Wọ́n Kà Wá

Nǹkan tó ń tètè bí mi nínú kò pọ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọ mi máa sọ pé Toronto ni wọ́n bí òun sí wà lára wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó jókòó sídìí tábìlì wa ní Ajax, lẹ́bàá Toronto ní Canada, ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Tíṣà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ̀wé nípa ìlú tí wọ́n ti bí i: bó ṣe bẹ̀rẹ̀, àti iye èèyàn tó ń gbé ibẹ̀. Mo yọjú wò ó. Toronto ló kọ gàdàgbà síbẹ̀.

“Ta ló bí ọ sí Toronto?”

“Mummy, that place is too small. They will laugh at me.”

“Kí wọ́n rẹ́rìn-ín! Ṣé Grandma ò sọ ìtàn ibẹ̀ fún ọ rí ni?”

“Ó sọ, but…”

“Wọ́n sọ! Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni wọ́n ni?”

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Bí mo ṣe ń tún ‘ó’ yẹn ṣe fún un tó, bí ẹni tí òun àti ìyá bàbá rẹ̀ jọ wà ní kíláàsì kan náà ló ṣì ń sọ̀rọ̀.

Saskatchewan, ìpínlẹ̀ kan tó jìnnà sí ibi tí a wà báyìí, ni ìlú tí mò ń wí yìí wà, láàárín oko àlìkámà tó tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé bí àlejò bá ń bọ̀, a ó ti máa rí eruku ọkọ̀ rẹ̀ tipẹ́ kó tó dé. Reluwé ló dá ìlú náà sílẹ̀. Ibi tó ti ń dúró kó àlìkámà ni àwọn àgbẹ̀ kọ́lé sí. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ́ ilé ìwé. Nígbà tó yá, reluwé ò dúró mọ́. Wọ́n ti ilé ìwé pa, àwọn ọmọ sì kó lọ sí ìlú ńlá. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi fi máa débẹ̀, mo lè rìn láti ìpẹ̀kun ìlú dé ìpẹ̀kun kejì kí omi tí mo gbé kaná tó hó. Ọkọ mi ń tún ẹ̀rọ oko ṣe, èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn ará ibẹ̀ ò tíì mọ orúkọ wa pè tí wọ́n ti ń bá wa kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Pátákó kan wà ní àbáwọlé ìlú tí wọ́n kọ iye èèyàn ibẹ̀ sí. Ọdún tí mo lóyún ọmọ yìí, wọ́n fẹ́ tún un kùn, wọ́n sì fẹ́ tẹ ìwé ìtàn ìlú jáde. Akọ̀wé ìlú, obìnrin òyìnbó kan báyìí, ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń ka èèyàn. Àyà rẹ̀ ń já. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún pátákó yẹn kùn ni iye náà ń dín kù.

Ìyá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé nígbà yẹn láti wá bá mi wẹ ọmọ. Wọn ò tíì yọjú síta. Wọ́n ní òtútù yẹn ò mọ àgbà. Mo ka ara mi àti ọkọ mi fún akọ̀wé. Ló bá gbọ́ ikọ́ láti inú yàrá, ó béèrè bóyá èèyàn tún wà níbẹ̀.

“Yes, ma. They are resting. They just came from Nigeria. They don't like cold.”

Kí n pe ìyá ọkọ mi ní ‘she’? Ẹnu mi ò gbà á. Akọ̀wé wo ẹnu ọ̀nà. Yàtọ̀ sí tèmi àti ti ọkọ mi, bàtà òtútù mẹ́ta ló wà níbẹ̀ fún ìyá ọkọ mi: ọ̀kan tí ọkọ mi rà fún wọn, méjì tí àwọn aládùúgbò gbé wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ márùn-ún, ó lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé pátákó dúró ló tó sọ fún mi pé àwa márùn-ún la jẹ́ kí iye náà fi ẹyọ kan lé sí i. Ojú tì mí. Mo ṣàlàyé pé ẹnì kan ṣoṣo ni ‘they’ mi, pé bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹsẹ̀ pátákó mú. Lẹ́yìn náà ló wo ikùn mi.

“Ẹni kẹrin ti ń bọ̀,” ló wí.

“Ẹni karùn-ún ńkọ́?”

“Ìyá tó wá láti Áfíríkà sínú òtútù yìí nítorí ọmọ, tí a bá kà á sí méjì, a ò tíì kà á jù.”

Kò pa á rẹ́. Mo sunkún délé, ẹkún ayọ̀. Tìtorí àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni iye ìlú ò fi dín kù!

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo mú ìwé ìtàn ìlú náà sọ̀kalẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀fù, mo ṣí i síwájú ọmọ mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: Ìdílé kan láti Nàìjíríà, ẹni márùn-ún. Ó fi ìka kà wá, mo sì ròyìn ọ̀rọ̀ akọ̀wé àti pátákó náà fún un.

“So I was on the sign before I was born?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“And Grandma was two people?”

“Wọ́n ju méjì lọ.”

Ó pa Toronto rẹ́, ó kọ orúkọ ìlú rẹ̀ síbẹ̀, gàdàgbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ló bá na fóònù mi sí mi.

“Mummy, ẹ bá mi pe Grandma. Mo fẹ́ sọ fún wọn.”

Mo tẹ́tí sí i dáadáa. Kò sí ‘ó’ kankan tí mo máa tún ṣe fún un níbẹ̀.