Eré Mọ́tò láti Uso sí Ọ̀wọ̀

Ẹ jẹ́ ká kan sáárá sí awakọ̀ tí kì í gbà kí ẹlòmíràn kọjá òun lójú títì. Akọni ni. Ibi tó ń lọ lè máà ju ilé onígbàjámọ̀ lọ, síbẹ̀ ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó ń gbé oògùn lọ fún ọba. Ọ̀kan nínú wọn fun fèrè lẹ́yìn mi láàárọ̀ yìí, ìró náà sì gbé mi padà sí ìgbà ọmọdé mi l'Ọ́wọ̀, nígbà tí owó kòkó ń ra mọ́tò.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Jídé, ti Amẹ́ríkà dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí àti mọ́tò pupa kékeré kan tí kò ní òrùlé, tí kò gbà ju ènìyàn méjì lọ. Ó ní lọ́hùn-ún, àwọn dókítà àti akọ̀wé máa ń kó irú rẹ̀ lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ti pa tì lẹ́yìn ogun, wọn a máa sá eré fún ìgbádùn lásán. Màmá wa bi í bóyá àwọn ìyá wọn mọ̀. Lójú Màmá, ohun tí kò lè gbé ìyàwó, ọmọ àti àpò iṣu kì í ṣe mọ́tò.

Màmá àti Bọ̀dá wá ṣe àdéhùn. Bàbá Ráímì, ọ̀rẹ́ olóògbé bàbá wa, ń ra kòkó, ẹnikẹ́ni kò sì tíì kọjá mọ́tò dúdú rẹ̀ lójú ọ̀nà Uso. Bí Bọ̀dá bá ṣáájú rẹ̀ dé Ọ̀wọ̀, Màmá ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí kò bá ṣáájú, yóò ta mọ́tò náà. Wọ́n ní kí èmi jókòó tì í bí ẹlẹ́rìí, nítorí mi ò tíì mọ irọ́ pa dáadáa.

Bàbá Ráímì ló kọ́kọ́ ṣí ní Uso. A ò rìn jìnnà tí a fi bá a, tí a sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Ohun tí wọn ò kọ́ Bọ̀dá ní Amẹ́ríkà wá délẹ̀: báwo lèèyàn ṣe ń kọjá ọ̀rẹ́ bàbá ẹni láìkí i? Bọ̀dá ṣí fìlà, ó tẹrí ba. Èmi kúnlẹ̀ sórí ìjókòó.

“Ẹ kú ìrìn, Bàbá.”

“Jídé, o kú ìrìn. Màmá ńkọ́?”

“Wọ́n wà, sà.”

“Oko ńkọ́?”

Bọ̀dá dẹ eré láti dáhùn. Bàbá béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun àbúrò bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, ó béèrè òrùlé tó ń jò, ó béèrè ẹ̀kọ́ mi. Bí Bọ̀dá bá ti fẹ́ tẹ iná, ìbéèrè mìíràn a dé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi àgbà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀. Nígbà tí lọ́rì kan kọjú sí wa, a padà sẹ́yìn Bàbá Ráímì. Ó ṣì ń kí wa láti ojú fèrèsé nígbà tó wọ Ọ̀wọ̀ ṣáájú wa.

Mo rò ó fún Màmá bó ṣe rí. Wọ́n yíjú sí Bọ̀dá.

“Ṣé o dá wọn lóhùn tán?”

“Mo dá wọn lóhùn, Màmá.”

Wọ́n ní kó má tà á mọ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ tó ti dé ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn pé Amẹ́ríkà ti gba ọmọ náà lọ́wọ́ àwọn.

Lónìí, gíláàsì mọ́tò máa ń wà ní pípadé nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, kálukú sì ń dá lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá kí ṣì máa ń dẹ eré. Ó dá mi lójú, nítorí èmi náà ti dán an wò. Níjọ́sí, lójú ọ̀nà Emure-Ile, ọmọkùnrin kan fẹ́ kọjá mi. Mo sọ gíláàsì kalẹ̀, mo béèrè ìyá rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé.