Omi Tí Ìbíjọkẹ́ Fà Wọ Oko Ọsàn

Ọgọ́fà igi ọsàn ni Ìbíjọkẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sẹ́bàá odò ní Odò-Orò, nígbà tó ṣì ń ṣe tíṣà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọsàn yìí ni ó ń tọ́jú bí ọmọ. Kò bímọ.

Lọ́dún tí ọ̀dá mú kí òdòdó máa gbẹ dànù lórí igi, ó ra ẹ̀rọ tó ń fa omi, ó sì la ojú omi láti odò wọ oko. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, igi tutù yọ̀yọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ránṣẹ́ pe Wàsíù, tí oko ọsàn tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, pé kó wá wò ó. Wàsíù náà la ojú omi, kí èyí tó bá ṣẹ́kù lókè lè ṣàn wọ tirẹ̀.

Nígbà tó di òjò ọdún kejì, ewé ọsàn Ìbíjọkẹ́ ń pọ́n, oje ń sun bíi gọ́ọ̀mù nídìí igi. Ó da ajílẹ̀ sí i. Ó tún bomi rin ín. Igi ń kú lọ.

Tinúọlá, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ àgíríìkì, wá láti Ìkọ̀lé. Ó hú gbòǹgbò kan. Èèpo rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Màmá, àrùn tó ń bá omi rìn ni. Irú rẹ̀ náà ló ń sọ kòkó di dúdú. Ṣé oko kòkó wà lókè odò?"

"Ó wà."

"Ibẹ̀ ló jọ pé ó ti ń ṣàn wá. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà, kò sóògùn fún un mọ́. Ẹ má fa omi odò mọ́."

Ìbíjọkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni mo fún àwọn igi náà lómi yìí mu. Uṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá Wàsíù lóko, ó rò ó fún un. Wàsíù ń fi ọ̀bẹ ha oje kúrò lára igi. Kò dáwọ́ dúró.

"Ẹ ò mọ̀, Màmá."

"Èmi ni mo pè ọ́ wá wò ó."

Wàsíù na ọ̀bẹ sí àwọn igi tó kù. Gbogbo wọn ló ń sun oje.

Nígbà ọyẹ́, wọ́n gé igi Ìbíjọkẹ́ lulẹ̀, wọ́n sì dáná sun ún. Mọ́kànlá péré ló kù lórí ìdúró. Nígbà tó padà dé oko lọ́jọ́ Ajé, ewé igi méjì nínú wọn ti ń pọ́n. Kò wọ inú oko. Ó dúró lójú ọ̀nà títí oòrùn fi mú, ó sì yí padà sílé.