Ọ̀gá Gé-e Tí Kò Mọ Ọkọ̀ Wà

Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń pàṣẹ fún àwọn awakọ̀ ní àárín ìlú Abẹ́òkúta. Màá dúró lẹ́yìn ọkọ̀, màá na ọwọ́ méjèèjì sókè, màá sì pariwo pé, "Ẹ gé e sí ọ̀tún! Ẹ gé e dáadáa! Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ó tó!" Dókítà ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, lọ́yà ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Mo ti bá àlùfáà àgbà kan wí rí nítorí pé ó yí sítíárìn sí òdìkejì, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá Gé-e ni gbogbo wọn ń pè mí. Orúkọ náà dùn mọ́ mi débi pé mo ní kí télọ̀ kan fi òwú pupa kọ ọ́ sí iwájú fìlà mi.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé èmi fúnra mi ò mọ ọkọ̀ wà.

Mi ò pa irọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó bi mí ni. Bàbá tó gbà mí síṣẹ́ ní ilé ìgbọ́kọ̀sí tó wà ní Sápọ́n kò béèrè ju ẹyọ ìbéèrè kan lọ: "Ṣé ohùn rẹ ń lọ sókè?" Mo pariwo lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó ń kọjá lójú títì yíjú padà, bàbá ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní kí n má máa wo ojú ọkọ̀, kí n máa wo táyà, nítorí pé ibi tí táyà bá kọjú sí ni ọkọ̀ ń lọ, ohun yòówù kí awakọ̀ máa sọ lẹ́nu.

Ilé náà kì í ṣe ilé ẹlẹ́wà. Kọnkéré lásán ni, àjà méjì, kò ní ògiri, òjò sì máa ń jò láti òkè bọ́ sórí àwọn ọkọ̀ ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ń ṣe níbẹ̀ gba làákàyè. Títo ọkọ̀ la máa ń pè é. Ẹni tó máa pẹ́, ẹ̀yìn ni ká gbé e sí. Ẹni tó máa tètè lọ, kó wà níwájú. Màá bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ máa pẹ́?" Kò sẹ́ni tó ń sọ òótọ́. Ẹni tó bá ní ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti mọ̀ pé báńkì ló ń lọ, ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń tì í sí. Bí ó bá di dandan kí a sún ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín kò sí nítòsí, Múfú, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló máa ń wà á. Èmi á ní ìbàdí ń dùn mí. Ọdún méjìdínlógún ni ìbàdí yẹn fi dùn mí.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ẹni tó ni ilẹ̀ náà tà á fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé gbígbé. Wọ́n wó ilé ìgbọ́kọ̀sí wa lulẹ̀. Múfú gba ẹ̀yìn odi lọ, ó lọ ń wa tírélà. Èmi ò rí ibì kankan lọ, mo kàn máa ń wá dúró lódìkejì títì, mo ń wo bí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́fà ṣe ń ga sókè níbi tí mo ti ń pariwo tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ agbéniròkè sínú rẹ̀. Wọ́n sì fi ìsàlẹ̀ ilé sílẹ̀ fún ọkọ̀ àwọn ayálégbé. Bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn, mo gbé fìlà mi wọ̀, mo lọ bá mániíjà ilé náà, Ọ̀gbẹ́ni Kúyẹ̀, pé mo wá gba iṣẹ́.

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ mọ ọkọ̀ wà, àbí?"

Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bi bóyá ó mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà bi gbogbo Sápọ́n."

Bó ṣe rí nìyẹn. Mo sọ fún ara mi pé irọ́ kọ́ ni mo pa, torí mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fún mi ní aṣọ iṣẹ́ tó ní okùn wúrà ní èjìká. Ọjọ́ tí mo wọ̀ ọ́ délé, Ìyá Tóyìn, ìyàwó mi, ní mo jọ ọ̀gágun. Mo gbà á gbọ́.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó kọ́ ilé náà ro ti èèyàn, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ro ti ọkọ̀. Òpó ńláńlá pọ̀ nísàlẹ̀, ààyè sì há. Ọkọ̀ kan á wà níwájú òmíràn, gbogbo ayálégbé á sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi, kí n lè máa sún ọkọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ jáde. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ṣe é. Bí ọkọ̀ kan bá dínà, màá pe ẹni tó ni ín lórí fóònù pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ó dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ti jò lára táyà yín. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó." Tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, màá ní, "Ẹ kúkú bá mi sún un síwájú díẹ̀." Ọkùnrin kan tó ń gbé ní àjà karùn-ún, Ẹnjiníà Báyọ̀, gbà mí gbọ́ débi pé ó pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò rí tàn. Ìyá kan tó ń gbé ní àjà kejì ni. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Màmá Tíṣà ni gbogbo ilé sì ń pè wọ́n. Láràárọ̀ tí wọ́n bá ń lọ fún ìsìn òwúrọ̀, wọ́n á fi ojú wò mí láti orí awò ojú wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Àjàní, táyà ta ló jò lónìí?" Mo ní, "Kò tíì sí, mà." Wọ́n ní, "Ó máa tó jò," wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, nígbà òjò, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń da omi láti inú garawa. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ agbéniròkè ṣí, Màmá Tíṣà jáde, wọ́n di Fúnmi mú lápá kan, ìyá ọkọ Fúnmi dì í mú lápá kejì. Ọmọ àjà kẹta ni Fúnmi, oyún rẹ̀ ti pé oṣù. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ ní Ṣàgámù. Ìyá ọkọ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Wásinmi dé lánàá láti wá dúró tì í ni.

Màmá Tíṣà ní, "Àjàní, ó ti ń rọbí. Ọkọ̀ tèmi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọkọ̀ tirẹ̀ ni màá fi gbé e lọ. Gbé jíìpù yìí kúrò níwájú rẹ̀."

Jíìpù Ẹnjiníà Báyọ̀ ni. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí Owódé láàárọ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ n pè é, mà."

Ìyá ọkọ pariwo mọ́ mi. "Pe ta ni? Kọ́kọ́rọ́ kọ́ ló wà lọ́wọ́ yín yẹn?"

Mo sáré jáde lọ wá takisí. Òjò ti lé gbogbo wọn kúrò lójú títì. Mo padà wọlé, omi ń kán lára okùn wúrà mi, Fúnmi sì di òpó mú, ó ń mí gúlegúle.

Títí dòní, tí mo bá rántí ìṣẹ́jú yẹn, ojú máa ń tì mí. Màmá Tíṣà dúró níwájú mi, wọ́n mọ ọkọ̀ wà ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n na kọ́kọ́rọ́ sí wọn, kí n ní, "Mà, ẹ bá mi wà á, mi ò mọ̀ ọ́n." Ṣùgbọ́n mo rò ó pé Ọ̀gá Gé-e ni mí. Mo ṣí ilẹ̀kùn jíìpù, mo sì jókòó sídìí sítíárìn.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ni ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Nínú gbogbo bọ́ọ̀sì tí mo ti wọ̀ rí, mẹ́ta ni ohun tí dírẹ́bà ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Méjì péré ni mo bá níbí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wá ẹ̀kẹta lábẹ́ ìjókòó, mi ò rí i. Mo ṣáná sí ọkọ̀, mo fa jíà bí mo ṣe rí i tí àwọn èèyàn ń fà á, mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ èyí tó sún mọ́ mi jù.

Jíìpù náà fò. Mo yí sítíárìn sí òsì, òpó kan yára jáde láti ibi tí mi ò mọ̀, a sì pàdé. Iná iwájú fọ́ yángá. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọkọ̀ ti dábùú ojú ọ̀nà pátápátá, kẹ̀kẹ́ ọmọdé pàápàá ò lè rí ààyè kọjá mọ́. Hóònù sì ń ké, kò dákẹ́.

Fúnmi tó ti ń kérora bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ìrora fi tún gbá a mú.

Màmá Tíṣà ṣí ilẹ̀kùn. "Sọ̀ kalẹ̀."

Mo sọ̀ kalẹ̀.

"Àjàní, ṣé o mọ ọkọ̀ wà?"

"Rárá, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mà."

Wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n wọnú jíìpù, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n tì í síwájú, wọ́n tún fà á sẹ́yìn. Ẹnu mi ti là, mo ti fẹ́ ní kí wọ́n gé e. Wọ́n ṣáà wò mí, mo sì pa ẹnu dé. Láìpẹ́, jíìpù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Fúnmi àti ìyá ọkọ rẹ̀ ti jókòó sẹ́yìn nínú ọkọ̀ kejì, Màmá Tíṣà sì ti gbé wọn wọnú òjò lọ.

Èmi nìkan ló kù. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń ro iye ìṣẹ́jú tí ìgbéraga mi ti gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Mo gbàdúrà bí mi ò ṣe gbà á rí láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ó ti kọjá aago kan kí fóònù tó dún.

"Obìnrin ló bí," ni Màmá Tíṣà wí. "Ara ìyá le, ara ọmọ le. Wàyí o, jókòó kí o ro ohun tí o máa sọ fún ẹni tó ni jíìpù."

Nígbà tí Ẹnjiníà Báyọ̀ dé nírọ̀lẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Kúyẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń wo iná tó fọ́. Èèyàn dáadáa ni mániíjà yìí. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Bíréèkì ló já, àbí?"

Ìyẹn ni ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún mi. Díẹ̀ ló kù kí n gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú omi òjò tó wà nílẹ̀, mo ní, "Bíréèkì ò já, sà. Èmi ni mi ò mọ ọkọ̀ wà."

Ẹnjiníà Báyọ̀ wo iná tó fọ́, ó sì wo àwọn táyà. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìbéèrè tí mo ti ń bẹ̀rù. "Àwọn táyà mi ńkọ́?"

"Wọn ò jò rárá, sà."

Odindi oṣù méjì ni kò fi dá mi lóhùn tí mo bá kí i, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ọ̀gbẹ́ni Kúyẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ gbogbo lọ́wọ́ mi. Ó ní géètì nìkan ni kí n máa ṣí, àti pé bí mi ò bá mú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ wá láàárín oṣù mẹ́ta, kí n máa lọ sílé mi.

Mo sọ ohun gbogbo fún Ìyá Tóyìn bí mo ṣe délé. Mo rò pé á pariwo. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Mo mọ̀," ó ní.

"O mọ kí ni?"

"Pé ẹ ò mọ ọkọ̀ wà. Nígbàkígbà tí a bá wọ bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ dírẹ́bà lẹ máa ń wò láti ibi tí a ti wọ̀ ọ́ títí a fi máa bọ́ sílẹ̀. Ṣé ẹni tó mọ̀ ọ́n wà á máa wo ẹsẹ̀ dírẹ́bà bẹ́ẹ̀?"

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Inú yín ń dùn," ó ní, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Màmá Tíṣà fúnra wọn ló kọ́ mi. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, wọ́n á gbé mi lọ sí pápá kan ní Adigbe, èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n mú rúlà dání. Tí mo bá gbàgbé láti wo dígí, rúlà á ti bá ọwọ́ mi lórí sítíárìn. Wọ́n ní kí n ra ìwé àkọsílẹ̀, kí n kọ ọ́ ní ìgbà àádọ́ta pé, "Èmi yóò wo ẹ̀yìn kí n tó lọ sẹ́yìn." Lọ́jọ́ ìdánwò àkọ́kọ́, ọ̀gá tó ń dán mi wò ní kí n fi ẹ̀yìn wọ àárín igi méjì. Mo dá ọkọ̀ dúró, mo bọ́ sílẹ̀, mo lọ wo táyà, mo tún wọlé, mo sún un díẹ̀, mo tún bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá náà ti ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Mo fìdí rẹmi. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo tó yege, ó sì ku ọjọ́ mẹ́rin péré kí oṣù mẹ́ta pé.

Ẹnjiníà Báyọ̀ ló kọ́kọ́ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ju ú sí mi lọ́wọ́, kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí táyà bá jò, má pè mí."

Ní báyìí, tí Màmá Tíṣà bá fẹ́ lọ kí àbúrò wọn ní Adigbe lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, èmi ni mo máa ń wa ọkọ̀ wọn. Wọ́n ní kí Ìyá Tóyìn máa bá wa lọ. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, nídìí ilẹ̀kùn gan-an, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí ohun tí wọ́n fi ń ṣí i. Bí mo bá ti sáré díẹ̀, màá gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: "Ẹ rọra o." Mi ò bá a jà lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Màmá Tíṣà ní àwọn fẹ́ na ẹsẹ̀, wọ́n bọ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ìyá Tóyìn ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó tì mí, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó sì di bẹ́líìtì. Mo ń retí kó sọ̀rọ̀. Mo wo dígí, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo wọ títì. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí mo fi gbọ́ ìró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo yíjú wò ó fìrí.

Ó ti sùn lọ fọnfọn.