Ìkúnlẹ̀ Tí Mo Gbé Lọ sí Accra

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má fi ìwé tí mo kọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó kúrò láti lọ máa bá ìyá mi ta gààrí. Nígbà tí ìwé ọ̀fẹ́ sì dé, mo ti dàgbà ju àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó lọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ohun tí mo fojú rí ni màá kọ, bó ṣe tẹ̀ léra. Bó bá gùn jù, ẹ mú sùúrù fún mi. Bó bá sì bí ẹnikẹ́ni nínú, mi ò ní pa á rẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí míṣọ́ọ̀nù ṣí ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún àwa ọmọbìnrin tí a ti tó lọ sílé ọkọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé àwọn fẹ́ fi ọ̀kan nínú wa ránṣẹ́ sí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Accra fún oṣù mẹ́ta, kí ọmọ ibẹ̀ kan náà wá sọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá mú ìwé ẹ̀rí tó dára bọ̀, wọn óò gbà á láti kọ́ iṣẹ́ tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹni méjì tí wọ́n kọ́kọ́ yàn, àwọn òbí wọn kọ̀. Èmi ni ẹnì kẹta. Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, "Lọ. Bí o bá mú ìwé ẹ̀rí yẹn bọ̀, a óò jọ sọ ọ́. Bí o kò bá mú un bọ̀, ọ̀dọ̀ àǹtí ẹ ní Jọ́ọ̀sì lò ń lọ, lọ tajà. Mi ò ní gbọ́ ìwé mọ́."

Aago mẹ́rin ìdájí la kúrò nílé, nínú ọyẹ́. Bàbá mi gbé àpótí mi dé ibi tí ọkọ̀ wà. Bọ̀lẹ̀kájà ni ọkọ̀ náà, pákó ni ìjókòó rẹ̀, a sì kojú síra wa bí ẹni tó fẹ́ jà. Títì ọlọ́dà dára títí dé Ìbàdàn. Láti Abẹ́òkúta dé Ìdírókò, eruku pupa ni, irun mi sì dà bí irun arúgbó. Inú ọkọ̀ la sùn sí ní Ìdírókò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn aṣọ́bodè Faransé tú ẹrù gbogbo wa wò, a sì wọ Àjàṣẹ́. Yorùbá ni àwọn obìnrin ọjà fi ń kí wa níbẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé ni àwọn ọmọ wọn fi ń ka owó. Ní Kútọnu mo ra búrẹ́dì kan tó gùn tó apá mi, ẹ̀yìn rẹ̀ le bí èèpo igi, inú rẹ̀ sì rọ̀ ju ti wa lọ.

Ní ọjọ́ kejì náà, a ti kọjá Lomé, a sì dé odò Fólta ní Tẹ́flé. Kò sí afárá níbẹ̀. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan ló ń gbé mọ́tò kọjá, a sì dúró fún wákàtí mẹ́ta kó tó kàn wá. Àwọn obìnrin ń ta ohun kan tó jọ ìṣáwùrú, tí wọ́n tò sára igi tẹ́ẹ́rẹ́, kọ́bọ̀ méjì ni igi kan. Mo ra ọ̀kan, ó dùn, iyanrìn díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ wa, Bàbá Mùfú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ná ọ̀nà yẹn tipẹ́, wá jókòó tì mí.

"Ọmọ yìí, ṣé o máa ń sọ̀rọ̀ ṣá?"

"Mo máa ń sọ ọ́, bàbá."

"Láti àná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn ẹ. Ọ̀kan nínú rẹ̀, ikọ́ ni. Níbi tí ò ń lọ yìí, ọmọ ọdún méje ń bá tíṣà jiyàn. Wọ́n á jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà."

"Wọn ò lè jẹ mí," mo ní. Ṣùgbọ́n ohùn mi kò jáde tó, ó ti dìde lọ wo táyà.

Ìrọ̀lẹ́ la wọ Accra. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní tróótró ló gbé mi dé Sabon Zongo, àdúgbò tí àwọn àlejò ń gbé. Tọ́rọ́ ni owó rẹ̀, wọ́n sì sọ fún mi pé tọ́rọ́ náà ni èdè Gàá ń pè ní tró. Ọ̀dọ̀ Ìyá Rábì ni mo dé sí, obìnrin ìlú wa tó ń ta ọṣẹ níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe Gánà ní Góòlù Kóòsì. Ibẹ̀ ló bí Rábì, ọmọbìnrin rẹ̀, sí. Rábì gbọ́ gbogbo Yorùbá tí ìyá rẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n Yorùbá tó lú mọ́ èdè ibẹ̀ ló fi ń dá a lóhùn. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ni kẹ́ńkè. Ẹ̀kọ tiwa ń yọ̀ lọ́fun, ó sì mọ́ lójú. Kẹ́ńkè le, ó kan, èèpo àgbàdo ni wọ́n fi dì í, ata dúdú àti ẹja díndín ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Kọ́bọ̀ mẹ́ta ni ọ̀kan, ó sì lè gbé ènìyàn di alẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ ní ilé ìwé. Wọ́n mú mi lọ síwájú ọ̀gá, ìyáàfin kan tó ga, tó wọ gíláàsì. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, mo kí i, mo sì wolẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé.

"Kí ni ọmọ yìí ṣe?" ó bi àwọn tó yí i ká. "Ta ló ṣẹ̀?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò mọ̀ pé lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ṣẹ̀ tó ń tọrọ ìdáríjì ló ń kúnlẹ̀. Ìdúró ni wọ́n fi ń kíni, wọ́n a sì wo ojú ẹni tí wọ́n ń kí. Nílé wa, ọmọ tó bá dúró gangan tó tẹjú mọ́ tíṣà, ẹgba ni yóò fi ṣe oúnjẹ àárọ̀.

Wọ́n ṣàlàyé fún ọ̀gá pé ìkíni Yorùbá ni. Ó ní, "Dìde. A ti gba òmìnira níbí. Ọmọ Gánà kì í kúnlẹ̀ fún ènìyàn mọ́, ìwọ náà kò sì gbọdọ̀ kúnlẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé yìí. Ẹ̀yin tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso yín, bóyá ìyẹn ló fà á."

Nígbà náà, òmìnira tiwa kò tíì dé. Ọmọbìnrin kan tí a jọ jókòó ní kíláàsì a máa sọ fún mi ní gbogbo àárọ̀ pé, "Alata, òyìnbó yín ní kí ẹ wá fọ ẹsẹ̀ òun." Alata ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ó ń dùn mí. Ìyá mi kò kúnlẹ̀ fún òyìnbó rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbé e pọ̀n ló ń kúnlẹ̀ fún. Ta ni wọ́n fẹ́ gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀?

Mo sọ fún Ìyá Rábì. Ó ní, "Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Máa dúró kí i, ọmọ mi. Ìwé ni o bá wá."

Rábì ní, "Sister, èmi, dààbí." Dààbí ni rárá. "Mi ò jẹ́ kúnlẹ̀ ní skúù. Wọ́n á fi mí ṣeré títí mo máa kú."

Nítorí náà mo ń dúró kí ọ̀gá. Mi ò ní purọ́, àwọn ohun mìíràn wà níbẹ̀ tó wù mí. Àwọn ọmọ a nawọ́ sókè, wọ́n a bi tíṣà pé, "Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?" tíṣà a sì dáhùn láìbínú. Nílé wa, èébú tíṣà ni ìbéèrè yẹn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé èmi náà yóò máa gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí mo bá kọ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹrin. À ń ṣeré ní gbàgede nígbà tí Ìyá Rábì gbé ọṣẹ wá fún ilé ìdáná ilé ìwé. Ó ru igbá rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó rí mi, ó pe oríkì mi níwájú gbogbo wọn: "Àṣàkẹ́." Ìyá tó ń bọ́ mi ni, ó sì ju ìyá mi lọ́jọ́ orí. Mo kúnlẹ̀. Mi ò rò ó, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ìwọ ọmọ Nàìjíríà, kí ni mo sọ fún ẹ?"

Mo dìde. Mo ní, "Mà, ẹ̀yin kọ́ ni mo kúnlẹ̀ fún."

Bóyá ohùn mi kò tíì jáde tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n mú mi kúrò ní kíláàsì wa, wọ́n fi mí sáàárín àwọn ọmọ ọdún márùn-ún. Ọ̀gá ní ibẹ̀ ni màá wà títí tí màá fi tọrọ àforíjì, àti pé bí mi ò bá tọrọ rẹ̀, kò sí ìwé ẹ̀rí. Bẹ́ǹṣì wọn kúrú débi pé orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi.

Ọmọbìnrin tó ń pè mí ní Alata ló wá gbà mí nímọ̀ràn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní, "Kò le rárá. Lọ bá ọ̀gá, kúnlẹ̀, bẹ̀ ẹ́. Ó máa dárí jì ẹ́."

Ẹ̀rín pa mí. "Ìkúnlẹ̀ ni mo ṣe tó fi bínú, ìkúnlẹ̀ náà ni mo tún fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Ti ẹ̀bẹ̀ nìyẹn."

"Èmi kò mọ̀ ọ́n fún ẹ̀bẹ̀ níbi tí mi ò bá ti ṣẹ̀," mo ní. "Ìkíni ni mo mọ̀ ọ́n fún."

Ìyá Rábì bẹ̀ mí, ó ní kí n rántí Jọ́ọ̀sì. Mo rántí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ bàbá mi kò kúrò létí mi. Síbẹ̀ mi ò lọ bẹ ọ̀gá.

Tíṣà àwọn ọmọ náà, Antí Ésí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bíi tèmi. Lọ́jọ́ kẹta ó ní kí n bọ́ sí iwájú kí n ràn án lọ́wọ́. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń da iyanrìn sínú páànù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kí ọmọ fi ìka kọ lẹ́tà sínú rẹ̀. Bó bá ṣì í kọ, yóò mi páànù, àṣìṣe á sì lọ. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìdérí ìgò kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rán mi sí Accra gan-an nìyí, ní ibi tí wọ́n fi mí sí fún ìyà. Nígbà tí sáà fẹ́ parí, Antí Ésí pe ọ̀gá wá wo kíláàsì, ó sì ní èmi ni màá kọ́ wọn. Àwọn ọmọ ṣírò, wọ́n kọ orúkọ ara wọn sínú iyanrìn, ọ̀kan sì bi mí pé kí ló dé tí òdo kò fi ní nǹkan nínú. Mo dá a lóhùn. Ọ̀gá dúró títí ó fi parí, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó jáde.

Mi ò tọrọ àforíjì, síbẹ̀ ní ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, ọ̀gá fún mi ní ìwé ẹ̀rí. "Òtítọ́ méjì ni mo kọ síbẹ̀," ó ní. "Mi ò lè fi ọ̀kan sílẹ̀."

Mo kà á. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó wò mí. "Dìde," ó ní, "kí ọkọ̀ má baà fi ẹ́ sílẹ̀."

Ọjọ́ méjì ni ìpadàbọ̀ náà gbà, Bàbá Mùfú náà ló sì gbé mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo wọlé. Ìyá mi ní Dédé, ọmọ Accra tó wá sọ́dọ̀ wa, ti lọ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ìdúró ló wà tó na ọwọ́ sí bàbá mi.

"Kí lẹ ṣe, bàbá?" mo bi í.

"Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ àlejò ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé wọn nìyẹn."

"Èmi náà ṣe àlejò lọ́hùn-ún, bàbá. Bẹ́ǹṣì ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n fi mí sí."

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà mo mú ìwé ẹ̀rí jáde, nítorí bàbá mi kò ka Gẹ̀ẹ́sì, mo sì túmọ̀ rẹ̀: "Ó lè kọ́ ọmọdé dáadáa. Olórí kunkun ni."

Ìyá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kí ló dé tí o kò fo ti ìsàlẹ̀ yẹn?"

"Ó wà nínú ìwé, ìyá mi."

Bàbá mi gba ìwé náà, ó wò ó bí ẹni tó lè kà á. "Ìwọ tí a kì í gbọ́ ohùn ẹ? Ta ló máa fi ọmọ rẹ̀ lé olórí kunkun lọ́wọ́? Gbé ìwé yìí pamọ́. Tó bá di lẹ́yìn ìkórè iṣu, màá rò ó. Kó tó dìgbà yẹn, àǹtí ẹ ń retí ẹ ní Jọ́ọ̀sì." Ó dá a padà fún mi.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀. Àwọn tí kò kúnlẹ̀ rí lè máa pàṣẹ bí òyìnbó, ẹni tó sì wà lórí orúnkún rẹ̀ lè kọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo wẹ̀, mo wọ aṣọ mi tó mọ́ jù. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá mi, mo kí i. Ó bi mí láti inú ilé pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní, "Ilé míṣọ́ọ̀nù, bàbá." Ó ní, "Ṣé mo ní kí o lọ?" Mo ní, "Rárá, bàbá." Mo mú ìwé ẹ̀rí mi dání. Mo dìde, mo lọ. Akọ̀wé míṣọ́ọ̀nù ka ìwé ẹ̀rí náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bi mí pé ṣé òótọ́ ni ti ìsàlẹ̀ yìí. Mo ní òótọ́ ni. Ó yí ìwé orúkọ àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tíṣà sí ọ̀dọ̀ mi, ó sì na gègé sí mi, mo sì kọ orúkọ mi síbẹ̀.