Òróró Dà, Ìdérí Dà

Mo rántí ìgbà tí òórùn òróró àdúrà máa ń dà pọ̀ mọ́ ti gíríìsì lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ onírin kan ní Sango, níbi tí mo ti ń ta mọ́ínmọ́ín. Àkọ́bí mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ló sì ń ṣáájú àdúrà àárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọgbà náà tó ti gé ìka èèyàn méjì. Ọmọ mi ní ẹ̀mí burúkú ló ń jẹ ìka. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n da òróró sí i lára, èmi náà ṣe àmín títí ohùn mi fi há.

Nígbà tó wá wọ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ìrọ̀lẹ́ ní Ìyànà Ìyẹ̀sí, inú mi dùn, n ò ní purọ́. Mo ti ń fojú inú wo ara mi lórí àga iwájú: Màmá Pásítọ̀! Mo tiẹ̀ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọra mi orí síni. Àṣé ohun mìíràn ni wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀. Ó ròyìn ẹ̀rọ náà fún olùkọ́ wọn, obìnrin àgbà kan, ìyẹn sì bi í pé: "Ta ló yọ ìdérí irin ẹnu rẹ̀?" Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọ̀gá ló ní kí wọ́n yọ ọ́, kí iṣẹ́ lè yá. Olùkọ́ ní Ọlọ́run fún wa lójú kó tó fún wa lóròóró.

Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà lẹ́nu géètì, wọ́n ní kí ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀ṣun dé lọ dúró nídìí ẹ̀rọ yẹn.

"Pásítọ̀, òróró dà?" làwọn òṣìṣẹ́ ń bi ọmọ mi.

"Ìdérí dà?" ló fi dá wọn lóhùn.

Ọ̀gá sún mọ́ ọn. "Ṣé Bíbélì lo lọ kọ́ ni, àbí ìjàngbọ̀n?"

"Bíbélì ni, sà. Ọlọ́run ló dá ọwọ́ ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ ká dá ìdérí padà, màá sì gbàdúrà títí tẹ́ ẹ fi máa ní ó tó."

Ọ̀gá ní kó máa lọ sílé. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Iṣẹ́ yẹn sì ni gbogbo wa ń jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù ò wọlé. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, ẹ bu mọ́ínmọ́ín wá jàre, a ò tíì lọ síbì kankan." Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀gá ti pe ọmọ mi padà, ó sì ti ní kí wọ́n gbé ìdérí jáde láti sítọ̀. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló dè é.

Títí dòní kò di pásítọ̀. Iṣẹ́ irin náà ló ń ṣe. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: mo ti ń pa òwe yẹn tipẹ́, ẹ̀kọ́ ọmọ mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó bá àdúrà náà mu. Láràárọ̀ Sátidé, ọmọbìnrin ọjọ́sí máa ń wá dirun fún mi. Bó bá ti ki ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bọ irun funfun mi, mo máa ń na ọrùn sókè, bí ẹni tó wà lórí àga iwájú.