Ìkòkò Sàfúrátù àti Ẹ̀rọ Olójú Pupa

Idẹ ni bàbá Ògúnníyì ń dà títí ó fi kú. Ògúnníyì fúnra rẹ̀ kò da idẹ. Ìkòkò alumíníọ̀mù ló ń dà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ Láfẹ́nwá. Àwọn awakọ̀ á kó àlòkù irin ẹ́ńjìnnì wá fún un, á yọ́ ọ, á dà á sínú yẹ̀pẹ̀, ó di ìkòkò. Ìkòkò kékeré kò yọ ọ́ lẹ́nu rí. Èyí tó tóbi ni wàhálà. Kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1982, tí Sàfúrátù dé.

Aláró ni Sàfúrátù, ọmọ Kemta. Opó ni. Ìyàwó Ògúnníyì náà ti kú. Ìkòkò ràgàjì ni obìnrin náà ní kó bá òun dà, èyí tí yóò máa fi ro ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya àdìrẹ. Ògúnníyì ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkòkò dáadáa. Eyín rẹ̀ ló ń wò. Kí Sàfúrátù tó kúrò níbẹ̀, ọkùnrin náà ti sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ.

Sàfúrátù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ẹ da ìkòkò mi ná. Bí kò bá jò, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Ọkùnrin tí ìkòkò ẹ̀ bá ń jò, òrùlé ẹ̀ náà á máa jò."

Ìkòkò jò. Sàfúrátù rù ú láti orí òkè Kemta, ó gba àárín ọjà Láfẹ́nwá kọjá, ó ń kígbe: "Ẹ wá wo asẹ́ tí àfẹ́sọ́nà mi dà fún mi o!" Ògúnníyì yọ́ ọ, ó tún un dà. Ó tún jò. Obìnrin náà tún rù ú dé. Àwọn awakọ̀ ti ń dúró dè é.

"Ìyàwó Alásẹ́, ẹ kú ẹrù o!"

"Ẹ má kàn máa rẹ́rìn-ín, ẹ wá bá mi sẹ́ ògì!"

Ó dùn mọ́ gbogbo ènìyàn, àfi Ògúnníyì.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan," ni Sàfúrátù wí. "Alájì kan wà ní Adigbe tó ń bèèrè mi. Kò mọ ìkòkò dà, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀ ò jò."

Oorun kúrò lójú Ògúnníyì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Dìran, àbúrò rẹ̀, ti Èkó dé. Ilé iṣẹ́ ayọ́rin ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó mú ẹ̀rọ kan dání, kò ju rédíò kékeré lọ. Ọ̀pá irin gígùn so mọ́ ọn. Tí wọ́n bá ti ọ̀pá náà bọ inú irin gbígbóná, nọ́ńbà pupa á tàn lójú ẹ̀rọ, bí ti aago ọwọ́ onínọ́ńbà tí kò ní abẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ Èkó ń dè kiri.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rọ yìí á sọ bí irin ṣe gbóná tó fún yín."

"Ó gbóná. Mo ń rí i. Ojú mi ò fọ́."

"Ojú yín ò ní nọ́ńbà."

Ògúnníyì wo ọ̀pá náà. Irin ni. Irin tuntun kì í wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí Ògún má kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Dìran yíjú báyìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti da ọtí sí ọ̀pá lára, ó fi epo pupa pa á, ó súre fún un. Ó tì í bọ inú irin yíyọ́.

Gbàù!

Irin ń ta káàkiri bí gúgúrú. Ògúnníyì fo ògiri. Dìran bọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù omi. Ewúrẹ́ kan sá wọ inú bọ́ọ̀sì Ṣàgámù, kò sanwó. Kò sẹ́ni tó fara pa. Fìlà Ògúnníyì nìkan ló lu, bí ìkòkò rẹ̀.

"Kí lẹ fi sí i?" Dìran béèrè láti inú omi.

"Ọtí. Àti epo díẹ̀."

"Ohun tútù? Nínú irin tó ń hó?"

"Ti Ògún ni."

"Ògún ti bì í!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n nu ọ̀pá náà, wọ́n yá a níná títí ó fi gbẹ, wọ́n tún tì í bọ̀ ọ́. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Dìran dìde.

"Ó ti kọjá ẹgbẹ̀rin! Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin àti díẹ̀ la fi ń dà á l'Ékòó. Tó bá gbóná jù, afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń di ihò."

"Kò tíì pọ́n dáadáa. Irin tí kò pọ́n ò tíì jinná."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá wa."

"Idẹ ni Bàbá ń dà, Bọ̀ọ̀dá!"

Àṣé gbogbo ọdún wọ̀nyí, ojú idẹ ni Ògúnníyì fi ń wo alumíníọ̀mù. Ó fa iná sẹ́yìn. Wọ́n ń wo nọ́ńbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí Dìran ní "Ó yá!", irin náà ṣì funfun báláú. Ògúnníyì dijú, ó dà á.

Sàfúrátù dé, kò gba ti ẹnu. Ó gbé ìkòkò lé eérú gbígbẹ, ó pọn omi kún un. Ó ní ó di ẹ̀yìn ìrun Mọ̀gáríbì. Àwọn awakọ̀ pagbo. Èrò ń pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Ògúnníyì ń yí ìkòkò ká, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń wo abẹ́ rẹ̀.

"Ó jò!" ẹnì kan kígbe. "Eérú ti tutù níbí yìí!"

Sàfúrátù bẹ̀rẹ̀, ó wo eérú, ó wo ojú Ògúnníyì. Òógùn ló ń kán láti iwájú orí rẹ̀. Ó fi etí gèlè nù ún.

"Ìkòkò kọ́ ló ń jò. Ẹ̀yin ni."

Wọ́n kírun tán, eérú yòókù gbẹ táútáú. Sàfúrátù da omi nù.

"Ẹ jẹ́ n bá yín rù ú lọ sí Kemta," Ògúnníyì wí.

"Kemta wo? Ọrùn tó ń ru ìkòkò yìí ti sú mi. Ilé yín níbí ló máa gbé. Èmi náà á wá bá a."

Àwọn awakọ̀ tẹ fèrè ọkọ̀, ewúrẹ́ tún sá. Wọ́n wá Ògúnníyì kí wọ́n gbé e sókè, wọn ò rí i. Ó ti sáré relé lọ wo òrùlé rẹ̀.