Ọ̀nà Méjì, Kòtò Kan

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òwe tí ọ̀gá mi, Ẹ̀gbọ́n Múfú, fi kọ́ mi níṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Yábàá nìyẹn. Bí wáyà kan bá já, òmíràn gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ máa gbà kọjá kí oníbàárà tó mọ̀ rárá. Wọ́n tún máa ń kìlọ̀ pé kí n fẹsẹ̀ rin ọ̀nà wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí n má gba máàpù gbọ́.

Ọsibítù kan ní Muṣin gbé iṣẹ́ fún mi. Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń béèrè fún un. Mo gba wáyà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì. Lórí máàpù, ọ̀kan gba Jíbówú, èkejì gba Ojúẹlẹ́gba. Lọ́jọ́ tó yẹ kí n rìn ín, oòrùn mú, bàtà tuntun sì ń ta mí lẹ́sẹ̀. Mo jókòó ti ẹlẹ́rìndòdò tútù, mo buwọ́ lùwé pé mo ti rìn ín. Ìwà ọ̀lẹ ni, kò lórúkọ míì.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni katakata tó ń gbẹ́ gọ́tà gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sáré débẹ̀, mo wo inú kòtò: wáyà dúdú rèé, aláwọ̀ ọsàn rèé, wọ́n sùn ti ara wọn. Ilé-iṣẹ́ kejì ti háyà àyè nínú kòtò èkíní. Wáyà òpó fóònù àdúgbò náà wà níbẹ̀, ni fóònù bá kú pẹ̀lú.

Nígbà tí mo fi dé ọsibítù, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Wọ́n ti rán ọlọ́kadà lọ sí Èbúté Mẹ́ta. Àǹtí Ṣadé, nọ́ọ̀sì àgbà, kò bú mi. Wọ́n kàn ní:

"Ẹnjiníà, ṣebí ẹ ní méjì ni?"

Ẹ̀jẹ̀ dé. Obìnrin náà ti lọ. Ọmọ yè.

Nírọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n Múfú bi mí: "Ṣé o rìn ín?"

"Mo rìn ín, sà."

Wọ́n gbà mí gbọ́ títí wọ́n fi kú.

Mo ń rìn ín báyìí. Ibi gbogbo ló rí bákan náà: orúkọ ilé-iṣẹ́ pọ̀, kòtò kan ni. Mo kọ̀wé kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ní Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ó ti sú mi.

Bàbá ọmọ yẹn ń tún aago ṣe nítòsí ọsibítù. Kò mọ nǹkan kan. Bó bá rí mi pẹ̀lú àpò iṣẹ́ lọ́rùn, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. Ọ̀nà ò ní dí mọ́ yín."

Àmín ni mo máa ń ṣe.